Kógò, Kógo

Lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀, yàrá kan ni mo ń gbé ní Mọ́níyà, mo sì ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìrókò. Ìyá onílé wa, àgbà aládùúrà, a máa gbọ́ ohùn áńgẹ́lì. Ohùn ènìyàn tó dúró níwájú wọn gan-an ni kì í sábà yé wọn.

Dírọ́ọ̀mù pàǹtí wa wà létí títì. Ìyá àgbàlagbà kan a máa wá ṣa ìgò àti agolo níbẹ̀ láràárọ̀, wọn a lọ fọ̀ ọ́ tà fún àwọn elépo. Ìyá onígò là ń pè wọ́n. Wọn kì í da nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n tún ń bá wa gbá ìdí dírọ́ọ̀mù náà ni. Síbẹ̀ ara ń ta àwọn ará ilé. Ohun tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn jù nù ni o, inú wọn ò dùn pé ẹlòmíràn ń rí i jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá onílé ká ìyá onígò mọ́ ìdí dírọ́ọ̀mù.

“Kí lò ń wá níbẹ̀?” Wọn ò tilẹ̀ lè fi “ẹ” bá ẹni tó tó ìyá wọn sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wá kógò yín ni.”

“Jésù! Ẹ gbà mí o! Ó ní òun wá kógo mi!”

Ìgò ni ìyá wí, ògo ni ìyá onílé gbọ́. Ògo wo ló wà láàárín èèpo iṣu àti eérú? Bó bá sì wà níbẹ̀, ta ló jù ú síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Àwọn aládùúrà ilé wa sáré jáde. Alálùwàlá ilé kejì gbé búútà sílẹ̀, ó ń ké a-úsùbílàhì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí wọn kì í gbọ́ ara wọn yé lé lórí, wọ́n ṣọ̀kan lórí agolo mílíìkì. Wọ́n da àpò náà sílẹ̀, wọ́n ń fọ́ ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ògo lè jáde, wọ́n ń ké Halelúyà bó ti ń fọ́. Ẹnìkan sì ní kí wọ́n wá táyà wá.

Ìgbà náà ni ìyá onígò rí mi.

“Tíṣà, ìṣojú yín ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn, kí ni mo wí?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Èmi tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba nítorí àmì ohùn! Mo wo ojú ìyá onílé, mo rántí yàrá mi.

“Mi ò gbọ́ dáadáa,” ni mo wí.

Alálùwàlá ló wá ní kí wọ́n fi ìyá náà sílẹ̀, kí ìyá má ṣáà padà wá mọ́. Ìyá onígò ká àpò òfìfo wọn, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ẹ má bínú, tíṣà,” ni wọ́n wí. “Mo ti dá yín dúró.”