Ìyàwó Ọ̀gá Gẹ́lẹ́ Nínú Ẹ̀rọ Òòfà

Táìsì ni ọkọ ń tẹ́, aṣọ ni ìyàwó ń rán. Ọ̀gá Gẹ́lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, torí pé tó bá ti tẹ́ táìsì kan sílẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á wò, tó rí i pé ó dọ́gba, ohun tó máa ń sọ ni, "Gẹ́lẹ́." Ìyàwó ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni yóò ti tẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì ní dìde àfi tí iná bá lọ tàbí tí oníbàárà bá fẹ́ wọn aṣọ wò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Ọkọ ni ẹ̀yìn ń yọ lẹ́nu. Ilé ìwẹ̀ ẹnì kan ló kúnlẹ̀ sí tó ń tẹ́ táìsì, nígbà tó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn kọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dì í mú lápá méjèèjì bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Láti ìgbà náà ni ìrora ti ń ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òsì, ó sì di pé nígbà mìíràn ẹsẹ̀ náà á kú tipiri. Ó fi oríṣiríṣi ìpara pa á, títí àwọn àlejò fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ yà, eegun nìkan ló fi hàn. Ẹ̀rọ yìí ní tirẹ̀ á fi àwọn tìmùtìmù kéékèèké tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn hàn, èyí tí kì í jẹ́ kí eegun máa gbún eegun. Nígbà tí Ọ̀gá Gẹ́lẹ́ dé iwájú ẹ̀rọ tó rí ihò tí wọ́n fẹ́ kó wọ̀, ó pẹ̀yìn dà. Ó ní ẹ̀yìn ló gbé òun wá, òun ò wá dán sàréè wò.

Ó ṣe kòńgẹ́ pé dókítà yìí ń ṣe ìwádìí, ó sì ń wá àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ò dùn wọ́n, kó lè fi àwòrán tiwọn wé ti àwọn tó ń dùn. Bí ìyàwó ṣe gbọ́ báyìí, ó ní kí wọ́n ya òun.

"Bàbá wọn, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti máa rí ẹsẹ̀ mi. Tó bá gbé mi mì, kẹ́ ẹ fà mí jáde."

Ayàwòrán náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kó bọ́ yẹtí àti òrùka. Nígbà tó tún wò ó dáadáa, ó rí abẹ́rẹ́ tí ìyàwó há sí ọrùn aṣọ bí gbogbo télọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó yọ ọ́, ó sì ṣàlàyé pé òòfà ibẹ̀ lè fà á já kó fò bí ọfà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í wọlé.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Láti ojú gíláàsì, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni Ọ̀gá Gẹ́lẹ́ ń wò, ẹsẹ̀ náà ò sì mira rárá. Ó bi ayàwòrán bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Ayàwòrán ní màmá ti sùn lọ. Ojú ti ọkùnrin náà. Nígbà tí ìyàwó jáde tó ń nu ojú oorun, òun náà bọ́ bẹ́líìtì, ó wọlé. Ó dijú, ó sì ń tẹ́ táìsì pálọ̀ kan lọ́kàn ara rẹ̀ títí ariwo fi dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, dókítà gbé àwòrán méjèèjì sójú kan. Ó ṣàlàyé pé tìmùtìmù tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń funfun, èyí tó bá ti gbẹ á dúdú, á sì pẹlẹbẹ. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ẹyọ kan ló dúdú, ó sì yọ gọngọ sẹ́yìn díẹ̀. Nínú èkejì, bíi mẹ́ta ló ti gbẹ.

Ọ̀gá Gẹ́lẹ́ nàka sí èkejì. "Ẹ̀yìn mi nìyẹn."

"Rárá, sà," dókítà dáhùn. "Ti màmá ni."

Ìyàwó ní àfi kí wọ́n tún un wò, òun tí nǹkan kan ò ṣe. Dókítà ní ara ló ń gbó, bí irun ṣe ń funfun náà ni.

"Ewú kì í dun orí, mà. Ohun tó gbó ni àwòrán ń fi hàn wá, kì í fi ìrora hàn. Ẹni tó ń dùn ló máa sọ."

Ó ní ẹyọ kan ti ọkọ ló fara kan iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àmọ́ agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ náà, nítorí náà kò ní gba iṣẹ́ abẹ. Eré ìdárayá ni, àti ìrìn, àti kó yé dá páálí táìsì gbé.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọlé. Ìyàwó wá di aláìsàn. Ó ń rọra jókòó, kò gbé korobá omi mọ́, ó ń fi ọwọ́ ti ìbàdí. Ọkọ wò ó títí.

"Ìyá wọn, ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́ ni, àbí fọ́tò?"

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Àmọ́ kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìwé kan gbé aṣọ àwọn ọmọ wá fún un, iṣẹ́ sì pọ̀ débi pé kò ráyè ronú. Ìgbà tó kó aṣọ náà fún wọn tán ló rántí pé òun ti gbàgbé ẹ̀yìn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òun náà ń ṣe eré ìdárayá tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dojú bolẹ̀ lórí ẹní, tó ń gbé àyà sókè, ọmọbìnrin wọn á sì ní alángbá ti dé. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ yé kú. Ìyàwó náà ti ń dìde láàrin aṣọ kan sí òmíràn, àwọn méjèèjì á sì rìn dé oríta lálẹ́ kí wọ́n tó jẹun.

Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹ̀yìn ṣì máa ń ta Ọ̀gá Gẹ́lẹ́, pàápàá tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Á dùbúlẹ̀ díẹ̀, á ká orúnkún sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, á dìde, á gbé irinṣẹ́, á máa lọ síbi iṣẹ́.