Èéfín Ọjọ́ Ìbẹ̀wò

Iléru tí wọ́n fi ń yọ́ yanrìn di ìgò kì í sinmi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ọ́fíìsì wa ní Ìlarò ní kí n máa lọ bẹ ilé-iṣẹ́ ìgò kan wò. Bí wọ́n bá ti dáná sí i, ọ̀sán òun òru ni yóò máa jó fún ọdún púpọ̀, nítorí bí ó bá tutù pẹ́nrẹ́n, ohun tó ti yọ́ nínú rẹ̀ yóò dì, bíríkì rẹ̀ yóò sán, gbogbo rẹ̀ á sì di òkìtì lásán. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìsinmi kankan. Mo mọ èyí nínú ìwé. Wọ́n bi mí nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó rò ó rí lọ́jọ́ kan.

Iṣẹ́ mi kò le. Ilé-iṣẹ́ náà lè fi gáàsì dáná, ó sì lè fi epo dúdú dáná, èyí tó nípọn bí ọ̀dà. Gáàsì wọ́n, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Epo dúdú kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Òfin ní bí wọ́n bá fẹ́ lo epo dúdú, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa sẹ́ eruku kúrò nínú èéfín kó tó jáde, bí asẹ́ ṣe ń gba èérún dúró. Wọn kò ra ẹ̀rọ kankan. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé gáàsì nìkan ni àwọn yóò máa lò. Tèmi ni kí n máa lọ wò ó bóyá wọ́n ń pa àdéhùn mọ́. Màá dúró lókèèrè, màá gbé káàdì kan sókè tí wọ́n ya àwọ̀ sí láti funfun títí dé dúdú, màá fi èéfín tó ń jáde wé e, màá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, màá sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀: mi ò gba rìbá. Omi tútù tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ń gbé síwájú mi pàápàá, n kì í mu ún tán. Mo ń fi èyí yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àfi bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìwà ọmọlúàbí ló kó bá mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í já wọ ilé onílé. Bí o bá ń lọ kí àgbà, wàá ránṣẹ́ síwájú pé ò ń bọ̀, kí onílé lè gbálẹ̀, kó wẹ̀, kó wá nǹkan gbé kaná. Ẹni tó bá kàn yọ lójijì, wọ́n á ní ó wá ṣọ́ ilé ni. Ìwé òfin tí ìjọba fi lé mi lọ́wọ́ sọ pé mo lè wọ ilé-iṣẹ́ náà nígbàkúùgbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, ó sì ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo ń pè é ní “ó” báyìí. Nígbà náà, “wọ́n” ni. Bí ìbẹ̀wò bá ku ọjọ́ mẹ́ta, màá pè é lórí fóònù.

“Ẹ káàárọ̀ sà. A ó yà lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀.”

“Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wà hù. Àwọn tó ṣáájú yín, bí ọlọ́pàá ni wọ́n ń já wọlé.”

Orí mi á wú. Ìgbà méje ni mo lọ síbẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, ìgbà méjèèje ni èéfín náà mọ́ lójú mi, ìgbà méjèèje ni mo sì fọwọ́ sí ìwé pé kò sí wàhálà.

Lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ náà, bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni abúlé wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé níbẹ̀, láfún ni wọ́n ń ṣe. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó, tí wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n ń sá sóòrùn, òun ló rán mi níwèé títí mo fi di ẹni tí ń gbé káàdì wo èéfín.

Láfún tó dára gbọ́dọ̀ funfun bí ẹfun. Àwọn oníbàárà wọn láti Ìmẹ̀kọ, àti àwọn tó ń kó o gba Ẹ̀gùá sọdá bọ́dà, ojú ni wọ́n fi ń rà á kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, eruku dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé e níbi tí wọ́n sá a sí lórí tapólì, ó wá ń rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, ṣùgbọ́n bí ìṣe wọn, ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́.

“Àbúrò mi, bá wa bá àwọn onígò yìí sọ̀rọ̀ o. Láfún mi ti ń di ẹtù.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Èéfín wọn mọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Tàwọn onígò yìí gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ó mọ ọjọ́ tí ìjọba ń bọ̀.”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sọ yẹn, wọ́n sọ ọ́ délẹ̀délẹ̀, èmi tí mo lọ sílé-ìwé ni mi ò gbọ́. Mo tilẹ̀ ní bóyá iná ìdáná tiwọn ló ń ba láfún jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe yíjú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi náà, mo máa ń pè wọ́n kí n tó lọ kí wọn. Bí mo bá dé, ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti wọ ìró àti bùbá tó dára, láfún funfun ti wà nínú ọpọ́n fún mi láti gbé lọ sílé. Mo rí i pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì dìde, wọ́n á kọ́kọ́ dúró ná kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, mo lọ sí ìdúpẹ́ kan ní Ayétòrò. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kí n kúkú yà kí ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe ń padà. Fóònù mi ti kú, mi ò lè pè wọ́n. Ọlọ́kadà tó gbé mi dé ìyànà abúlé fa aṣọ bo imú kó tó yà. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ẹ wòkè, bàbá,” ó ní.

Mo wòkè. Ọ̀sán gangan ni, kò sí kùrukùru, ojú ọ̀run ìhà kan sì dúdú. Èéfín tó ń jáde láti ilé-iṣẹ́ náà kọjá nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí káàdì mi. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí abúlé wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n fi ìborùn di imú, wọ́n ń ṣa eruku kúrò lára láfún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ikọ́ mú wọn kí wọ́n tó rí mi. Ó tẹ̀ wọ́n ba títí iwájú orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Nígbà tó sì sinmi, wọ́n nu ẹnu, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n sáré da aṣọ bo láfún náà.

“Kí ló dé tí o ò pè mí?” Inú bí wọn gidi. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn?”

Mo wọlé lọ bu omi fún wọn. Ìgò oògùn ikọ́ tó ti tán tò lọ lẹ́bàá ògiri yàrá. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní ó ti pẹ́, kì í sì í ṣe tiwọn nìkan, gbogbo obìnrin tó ń sá láfún ládùúgbò ló ń hú u.

“Ọjọ́ tí o bá pè pé ò ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń mu oògùn, kí ikọ́ má baà ká mi mọ́ lójú rẹ. Wàhálà iṣẹ́ rẹ ti tó o.”

Mo wá bi wọ́n nípa èéfín, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní bó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì tí èmi àti káàdì mi máa wá sí ilé-iṣẹ́ náà, á mọ́ tónítóní. Bí mo bá ti lọ, ilẹ̀ kì í ṣú kó tó dúdú padà. “Àfi bí onílé tó ń retí àlejò,” wọ́n ní.

“Wọ́n ń retí mi lóòótọ́,” mo ní. “Mo máa ń pè wọ́n.”

“O máa ń pè wọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síbi láfún wọn, wọ́n ń bá a lọ láti máa ṣà á.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ìwé tuntun. Mo kọ ọ́ pé èéfín dúdú. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ pé ìwé méje tó ṣáájú kò ṣeé gbára lé, mi ò sì kọ ìdí rẹ̀. Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú òṣìṣẹ́ rí bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ba iṣẹ́ jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìwé kan yìí náà yóò tó.

Ìwé náà ló mú kí wọ́n pe ìpàdé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìlarò, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà lápá kan, àwọn obìnrin aláfún wà lápá kejì, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn. Nǹkan méjì ni àwọn obìnrin náà bèèrè: kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín sí iléru náà, kí ilé-iṣẹ́ sì san owó ìtọ́jú ikọ́ wọn ní ọsibítù. Ọ̀gá náà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tọrọ àforíjì. Ó ní gáàsì ni àwọn kò rí rà lọ́sẹ̀ náà nìkan ṣoṣo, àwọn yóò sì ra ẹ̀rọ. Ní ti ikọ́, ó ní kò lè jẹ́ tàwọn, nítorí láti ọdún mélòó kan wá, ìjọba fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé èéfín àwọn mọ́. Ó wá ṣí fáìlì, ó sì ka ìwé méje jáde. Ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ka orúkọ mi.

Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi: “Ṣé àbúrò yín tí ẹ ní ó ń jà fún wa nìyí?”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nàró.

“Ẹ má bú u,” wọ́n ní. “Ẹ̀bi tèmi ni. Ó máa ń pe àwọn onígò kó tó lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí àyè tún èéfín wọn ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í já wọ ilé onílé. Kò mọ̀ pé ti ìjọba yàtọ̀.” Ikọ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró, wọ́n di ẹ̀yìn àga mú.

Alága ìgbìmọ̀ yíjú sí mi. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo ń pè wọ́n kí n tó lọ.

Ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé méjèèje ti wó, ìtọ́jú àwọn obìnrin yẹn ti dájú. Mo wo ọ̀gá náà, mo wo alága, mo ro owó ìfẹ̀yìntì mi.

“Alàgbà,” mo ní, “ohun tí ojú mi rí ni mo kọ.”

Irọ́ kọ́, àwọn ìgbìmọ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú èsì bẹ́ẹ̀ wọlé. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n ra ẹ̀rọ. Ní ti ikọ́, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí.

Ẹ̀rọ náà ti dé, ó ń ṣiṣẹ́. Láfún abúlé wa ti funfun padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló ń ṣe é mọ́, èémí wọn kò gbé e. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti fẹ̀yìn tì, owó náà ń wọlé, òun náà ni mo fi ń ra oògùn fún wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Àwọn aládùúgbò wọn kan ṣì gbà pé ńṣe ni ẹ̀gbọ́n mi hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú gbọ̀ngàn láti gba àbúrò wọn sílẹ̀. Èmi ni mo sọ wọ́n di òpùrọ́ lójú ayé, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ro láfún fún mi, wọ́n ń hú ikọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó, wọ́n gbé e síwájú mi, wọ́n ní ó dájú pé mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo wẹ ọwọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́.