Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Nọ́ńbà

Ohùn ọmọbìnrin tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní búrò ìjọba kan ní Ṣábẹ̀ kì í kúrò létí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbó tàbí tó já sọ́nà sí, nínú yàrá kan, a sì ń gé wọn tí ọjọ́ wọn bá pé. Ọmọbìnrin náà kò ní gé ọ̀kankan láìfọ erùpẹ̀ pupa ara rẹ̀, kó kà á sókè, kó sì wo ìwé tí a kọ wọ́n sí. Á ní, "Ẹni tó ni ín lè ṣì máa wá a o."

Ìwé ẹ̀rí mi ga ju tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni ọ̀gá fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Ó dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé owú ni, ojú ń tì mí, àmọ́ kò lọ.

Lọ́jọ́ kan, kí ọ̀gá lè rí i pé ọwọ́ mi yá ju ti ọmọbìnrin náà lọ, mo gé odindi àpò nọ́ńbà kan láìwo ìwé. Lọ́sàn-án, bàbá àgbẹ̀ kan dé láti Boni, ó ń wá nọ́ńbà alùpùpù rẹ̀. Ọjọ́ tí òfin ní ká fi tọ́jú rẹ̀ kò tíì pé, nọ́ńbà náà sì ti di méjì.

"Ta ló gé e?" Ọ̀gá ń gbóná.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àwa méjèèjì ni." Ọmọbìnrin náà ló dáhùn, ó yíjú sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, gbé àga fún bàbá ná."

Mo sáré gbé àga. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, torí ìkáwọ́ rẹ̀ ni yàrá wà, ó fún mi.

Ọmọbìnrin náà ti kúrò ní búrò báyìí. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò mi, mo sì ń ka nọ́ńbà sókè bíi tirẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.