Ìyá Tí N Kò Kí Lọ́jà Ìkàrẹ́

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn nílé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́, òfin kan wà tí mo dì mú bí ẹni di ẹ̀sìn mú: bí o bá pàdé ẹni tó ń wá bá ọ sọ̀rọ̀ ní gbangba, má kí i, àfi tó bá kọ́kọ́ kí ọ. Kí àṣírí rẹ̀ má baà tú ni.

Ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ń wá bá mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kú síbi ìrọbí. Ó pẹ́ tó ti ń jókòó síwájú mi láì sọ nǹkan kan, kó tó wá sọ lọ́jọ́ kan pé ayé ti sú òun, òun ò fẹ́ jí láàárọ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì, ojú wa ṣe mẹ́rin lọ́jà. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọjá. Kò wá mọ́.

Hà! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Tí ẹkún bá ti sọ nílé ìwòsàn, àyà mi á já pé òun ni wọ́n gbé dé.

Ìlú Ọ̀kà, nítòsí Ìkàrẹ́, ni ìyá tí wọ́n ní kó máa tọ́ mi sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́ ń gbé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ bá a. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti pinnu pé tó bá fi lè bú mi pẹ́nrẹ́n, mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo rò ó fún un tẹkúntẹkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn, ó bu omi fún mi, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"O kọjá lára àgbàlagbà lọ́jà, o ò kí i?"

"Ìwé ló ní bẹ́ẹ̀, mà. Kí wọ́n má baà mọ̀."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò dé Ìkàrẹ́ rí. Ta ni kì í kí ara wọn níbí? Ẹni tí o ò kí gan-an ni wọ́n á máa wò, tí wọ́n á ní kí ló ṣe." Ó gbá mi léjìká. "Èmi náà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ kí i, kó o padà wá jíṣẹ́ fún mi. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lò ń tọ́jú rẹ̀ ni? A jọ ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Mo mí kanlẹ̀. Ara mi fúyẹ́, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lójú ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá náà nídìí àlùbọ́sà rẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà." Kò sẹ́ni tó wò wá. Òun ló wò mí títí.

"Mo rò pé ẹni tó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn," ó rọra sọ ọ́, "kì í ṣe ẹni téèyàn ń kí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá."

Ó fà mí lápá dìde. "Màá wá ní Mọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán níkùn mi."