Ìgbà Tí A Sá sí Abẹ́ Tábìlì ní Ọjọ́ Halloween

Ní ọjọ́ Halloween, tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí iwin kiri ojúlé, mo tètè pa gbogbo iná ilé wa ní Garland nílùú Òyìnbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní ọjọ́ èṣù ni, ká má ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tó bá wá tọrọ súìtì. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, sá sí abẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Dákẹ́, a ò sí nílé."

"Dádì, a wà nílé kẹ̀!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà Òyìnbó tó múlé tì wá gbé àpò súìtì wá. Ó ní òun kanlẹ̀kùn títí lánàá, kí òun lè fún ọmọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì la lọ.

Ọmọ mi wò mí. "Rárá o, abẹ́ tábìlì la wà."

Ìyá náà kàn gbé àpò náà fún un. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Èmi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Títí dòní, mi ò tíì bẹ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì nítorí irọ́ yẹn.