Ọwọ́ Tí Yèyé Yá

"Yá mi lọ́wọ́ rẹ," Yèyé wí láàárín èéfín.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n sì rọra tì í bọ inú abọ́ omi tó wà lórí àpótí.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó tó, Yèyé."

"Ó tó bí i ti kí ni?"

Mo ronú díẹ̀. "Bí i ti abẹ́ ìyẹ́ adìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi náà sínú ìgò méjì.

Yèyé kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá tó bí ìyá mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Ìgèdè, opó kan tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Yèyé, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ìyá. Wọ́n ti yan gàrí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi le bí èèpo igi. Mo ti rí wọn tí wọ́n fi ọwọ́ lásán mú ẹyín iná tó já bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì jù ú padà sínú ààrò bí ẹni ń ju ẹ̀pà. "Ọwọ́ mi ti gbàgbé iná," ni wọ́n máa ń wí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí omi ṣe gbóná tó, ọwọ́ mi ni wọ́n ń yá.

Nítorí àbúrò mi ni. Ìgbà ọyẹ́ ni Màámi bí i, kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi wọ inú àtẹ́lẹwọ́ Bàámi bí ọsàn. Ilé ìwòsàn gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, nọ́ọ̀sì sọ fún Màámi pé, "Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí òtútù mú un. Òtútù yìí gan-an ni ọ̀tá rẹ̀." Bàámi ń gun ọ̀kadà ní Adó, ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń wálé. Ara Màámi kò tíì le. Bí Yèyé ṣe gbọ́, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá sí ulé mi. Ibi tí iná ti ń jó látàárọ̀ ni ọmọ yìí yóò gbé."

Yàrá tí a sùn sí fara ti ààrò. Ògiri amọ̀ tó nípọn ló wà láàárín wa àti iná, nítorí náà èéfín kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ooru nìkan ni. Bí mo bá gbé ẹ̀yìn lé ògiri yẹn, mo máa ń gbọ́ àfọ́kù igbá Yèyé lórí agbada gàrí ní òdìkejì: ṣààà, ṣààà, ṣààà. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa dùn, títí yóò fi di òórùn gàrí tó ti gbẹ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, n kò ní mọ̀ bóyá mò ń sùn ni tàbí mò ń gbọ́.

Ìgò omi méjì yẹn ni à ń fi aṣọ ìró àtijọ́ wé, tí à ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ní ọjọ́ kan mo bi Yèyé pé, ṣé kò ní yá ju báyìí lọ bí a bá kó ẹyín iná sínú ìkòkò, tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

"Ẹyín iná kan gbóná ju omi inú ìgò yìí lọ fíìfíì," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí ló ní lọ́wọ́? Kò ní sùúrù. Á jó ọ, á sì kú. Omi yìí kò gbóná púpọ̀, àmọ́ ó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fún ọmọ, títí di ọ̀sán."

Ojú máa ń tì mí nígbà náà, ó ṣì ń tì mí dòní. Bí àlejò bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n nídìí abọ́ omi yẹn, àgbàlagbà kan ń bi mí léèrè, wọ́n sì ń dúró kí n dáhùn. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń jí kí wọ́n tó pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè wa fi ń ya. Mo ti wà nídìí kànga láti kùtùkùtù, mò ń fi omi tútù fọ ẹ̀gẹ́ tí Yèyé bó. Ìka mi ti kú, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn wọn pé kí n wá yá wọn lọ́wọ́.

Mo ti ọwọ́ bọ abọ́, mo sì yára fà á yọ. Omi náà ta mí bí ata.

"Ó gbóná, Yèyé!"

"Omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò yìí?"

"Ó gbóná gan-an ni."

Wọ́n bu igbá omi tútù kan sí i. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ṣì gbóná."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n bu igbá kan sí i. Mo tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní ó tó. Yèyé kò bi mí pé bí i ti kí ni. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì padà sídìí agbada.

Mo jókòó ti àbúrò mi. Màámi ti sùn. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé ògiri, ìka mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pé, mo na ọwọ́ sí ìgò láti tún aṣọ rẹ̀ wé.

Ó tutù bí òkúta inú òjìji.

Mo ní bóyá n kò fọwọ́ kàn án dáadáa. Mo fọwọ́ kan èkejì. Bákan náà ni. Mo dìde pé kí n pe Yèyé, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà méjì ti wà níta, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lóhùn òkè, ìtìjú sì mú mi padà jókòó. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọn kò lọ. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àbúrò mi, ó tutù bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí ó máa ń fà á mu bí ọmú. Kò fà á.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Igbe ara mi nìkan ni mo gbọ́: "Yèyé! Ọmọ ti tutù!"

Àfọ́kù igbá já bọ́. Yèyé wọlé, wọ́n bọ́ bùbá wọn, wọ́n tú aṣọ ọmọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín ọmú wọn, ara sí ara, wọ́n sì ní kí Màámi, tí igbe mi ti jí, fi ìró dì í mọ́ wọn láyà. Wọ́n gbé ẹ̀yìn lé ògiri ààrò. "Sáré pe nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí fún mi. Wọn kò pariwo rárá.

Mo sáré. Nígbà tí èmi àti nọ́ọ̀sì ń padà bọ̀, òórùn gàrí tó jó ló pàdé wa lójú ọ̀nà.

"Yèyé, gàrí yín ti di èédú!" ni nọ́ọ̀sì wí bó ṣe ń wọlé.

"Jẹ́ kó di èédú. Wo ọmọ."

Nọ́ọ̀sì ti tẹmọ́mítà bọ abẹ́ apá àbúrò mi. Mò ń gbọ́ ọyẹ́ tó ń gbọn páànù òrùlé. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú títí ó fi yọ nǹkan náà, tó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Kò tíì tó," ló wí, "ṣùgbọ́n kò burú jù, ara ẹ̀ ti ń padà. Ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà." Ó jókòó, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sì tújú ká. "Ó ti gòkè! Yèyé, ẹ ti di adìẹ tó ń sàba."

"Adìẹ wo lo rí rí tó dáná sun gàrí?"

Màámi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn. Àbúrò mi yí orí, ó la ẹnu, ó ń wá ọmú. "Kò sí nǹkan kan níbí mọ́, ọmọ mi," ni Yèyé wí fún un. "Ìyá rẹ nìyẹn lọ́hùn-ún."

Ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé bá mi lẹ́yìn àtíbàbà níbi tí mo sá sí. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú mi. Omi kànga wà nínú ọ̀kan, omi tó gbóná díẹ̀ wà nínú èkejì, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wà láàárín. Wọ́n ní kí n ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú èyí tó tutù, kí n ti òsì bọ inú èyí tó gbóná, kí n sì dúró. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kó méjèèjì bọ inú abọ́ àárín lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ni ọwọ́ ọ̀tún wí?"

"Ó ní ó gbóná."

"Òsì ńkọ́?"

Ẹnu yà mí. "Ó ní ó tutù."

"Omi kan náà ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Wọ́n nu ọwọ́ mi gbẹ pẹ̀lú ìró wọn. "Ọwọ́ rẹ kò parọ́ fún mi. Ibi tó ti ń bọ̀ ló ń ròyìn. Èmi ni n kò bi í léèrè ibi tó lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tó yá ọwọ́ mi, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi í sí abíyá, kí n ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹta láìkánjú. Ìjọ Àgùdà ni Yèyé ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka àkókò. Lẹ́yìn àmín kẹta ni wọ́n tó ń gba ẹ̀rí mi.

Yèyé ti sùn oorun ìkẹyìn báyìí. Adó ni mo wà, mò ń ta ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó ń lọ sí ilé ìwé girama, ó sì ti ga jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìwé rẹ̀ wá sídìí sítóòfù mi. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru àti ìwọ̀n ìgbóná. Ó kà á fún mi pé ooru ni ohun tó ń ti ibi gbígbóná lọ síbi tútù, pé ìwọ̀n ìgbóná ni èyí tí tẹmọ́mítà ń sọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹyín iná àti omi inú ìgò fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀, mo sì ní kó ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n bí Yèyé ṣe ní kí n ṣe.

Ó pariwo bí mo ṣe fẹ́ pariwo nígbà yẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín?"

N kò tíì sọ ọ́ fún un rí. Mo wo ilẹ̀, bí ìṣe mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀gẹ́, kànga, ìgò tó tutù, bí mo ṣe jókòó nítorí ojú ń tì mí, bí gàrí ṣe jó. Mo sọ fún un pé títí dòní, bí òórùn gàrí tó jó bá gba ibì kan kọjá, ọkàn mi máa ń balẹ̀, nítorí òórùn yẹn ló gba ilé kan nígbà tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀.

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ó gbóná. Àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló tutù ni, n kò mọ̀. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.