Amọ̀ Yàrá Ìyá Àbẹ̀ní

Lánàá, àwọn bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Kétu wa tó wà lódìkejì ẹnubodè Nàìjíríà, òjò sì rọ̀ sí i. Bí òórùn amọ̀ tútù ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, mo dìde lọ dúró ti amọ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní abúlé wa, lọ́nà Adakplamè, kò sí odò, kànga kò sì ṣe é gbẹ́, torí omi jìnnà nísàlẹ̀. Ìkúdù kan ṣoṣo la ní. Àwọn bàbá wa ló fi amọ̀ mọ bèbè gíga sí etí rẹ̀ kí omi òjò má baà ṣàn lọ. Omi yẹn là ń mu títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí. Bí bèbè bá ya, a óò kó kúrò nílùú ni.

Ìyá Àbẹ̀ní, àbúrò bàbá mi tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń bá àwa ọmọ sùn lórí ẹní kan náà. A máa ń ta á nípàá lójú oorun, kì í sì í fi bò pé ó ti sú òun. Ó bẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́wẹ̀, wọ́n po amọ̀ pupa rẹpẹtẹ fún un sójúde ilé wa, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kó lè rí yàrá tirẹ̀ mọ kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò ńlá dé. Òkété ti gbẹ́ ihò sínú bèbè, omi sì ń gba ibẹ̀ jáde. A ki koríko bọ̀ ọ́, omi tu ú. A da yẹ̀pẹ̀ sí i, omi gbé e lọ, ihò náà sì ń fẹ̀ lójú wa. Gbogbo àgbà mọ̀ pé amọ̀ tí wọ́n pò dáadáa nìkan ló lè dí i. Ojú ilé wa ni wọ́n ń wò.

Baálé ṣí fìlà. “Ìyá Àbẹ̀ní, ẹnu mi ò gbà á.”

Ìyá Àbẹ̀ní wo omi náà. Ó tú gèlè, ó fi ká òṣùká. “Baálé, ẹ má sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ ń wò? Ẹ wá rù ú!”

Òun ló ru àkọ́kọ́. A sáré lọ, a sáré bọ̀, títí omi fi dúró. Kò ku ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan.

Òjò dá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò fi omi mímu po amọ̀? Nígbà tí òjò máa padà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti kọjá sí Nàìjíríà lọ wá iṣẹ́. Orí ẹní wa ni Ìyá Àbẹ̀ní ń sùn títí tó fi kú, ó sì ń dùn mí dòní.

Igbó ti bo ìkúdù náà báyìí, ṣùgbọ́n bèbè ṣì wà, ojú kan pupa lára rẹ̀ láàárín amọ̀ dúdú. Yàrá Ìyá Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bí mo bá délé, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń ká ẹsẹ̀ mi jọ, kí n má tún ta á nípàá.